Ẹ̀rọ Onígílóòbù Ọlọ́runyọmí

"Dijú," ni Múyì wí. "Tí o bá lajú sílẹ̀, ojú lo máa fi gbọ́ ọ."

Sanmí dijú. Ó ta okùn gìtá lẹ́ẹ̀kan, ohùn kan jáde, ó mọ́ ṣáká. Múyì tẹ bọ́tìnì kan, gìtá kan náà wá ń dún bí ẹni pé inú ihò àpáta ni wọ́n ti ń ta á. Ó tún tẹ òmíràn, ohùn náà ta ṣàì bí epo gbígbóná tí omi kán sí. Ohùn márùndínlógójì ni kọ̀ǹpútà kó sínú ẹ̀rọ kékeré yìí, ọwọ́ kan sì ni èèyàn lè fi gbé e. Bàálù kan ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ ní pápákọ̀ Alákíà, páànù ṣọ́ọ̀bù Múyì gbọ̀n, ṣùgbọ́n ohùn gìtá kò parẹ́ sábẹ́ ariwo náà.

"Ó dùn," ni Sanmí wí nígbà tó lajú.

"Ó dùn nìkan kọ́. Kò fẹ́ iná púpọ̀, jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé e. Kò ní gílóòbù tó máa jó. Kí lẹ tún ń wá ní Ẹrúnmu?"

Ọ̀kan nínú méjì ni àwọn alàgbà ìjọ rẹ̀ ní kí Sanmí wá yàn. Òun ni olórí àwọn onílù àti onígìtá ní ìjọ Aládùúrà tó ń lọ ní Ẹrúnmu, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ sì yé níbẹ̀. Ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà tí Múyì ń tà ni àkọ́kọ́. Ìkejì ni ẹ̀rọ onígílóòbù kan tí kò tóbi ju àpótí ìjókòó lọ, tó ti ń gbé ohùn gìtá jáde fún ìjọ náà láti nǹkan bí ogún ọdún. Kì í ṣe ti ìjọ. Olóògbé Ọlọ́runyọmí, tó ń lẹ táyà ní oríta, ló fi owó ara rẹ̀ rà á, tó gbé e wá sílé Ọlọ́run, tí kò sì gbé e padà sílé mọ́ títí ó fi kú lọ́dún tó kọjá.

Gílóòbù mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ gbóná, wọn á pọ́n bí ẹyin iná, kí ohùn tó jáde. Ohùn kan ṣoṣo ló ní. Ṣùgbọ́n tí èèyàn bá rọra ta gìtá, á rọra sọ̀rọ̀. Tó bá fi agbára ta á, ohùn náà á há díẹ̀, á wá bú jáde bí ẹkún àgbàlagbà. Orí ẹ̀rọ yìí ni Ọlọ́runyọmí ti kọ́ Sanmí ní gìtá, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyàwó olóògbé náà, tí ìjọ ń fi orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ pè ní Màmá Leah, máa ń bu oúnjẹ fún àwọn méjèèjì nínú abọ́ kan náà.

Àwọn alàgbà ìjọ ti sọ ọ́ láìfi bò. Bí ẹ̀rọ olóògbé bá ṣì péye, wọn á rà á lọ́wọ́ opó rẹ̀, kí Màmá lè fi owó náà ra ẹ̀rọ ìlọta, kó máa rí nǹkan fi bọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ànúolúwapọ̀, tó ṣì wà nílé ìwé. Bí kò bá péye mọ́, wọn á ra tuntun.

"Múyì, mi ò ní purọ́ fún ọ," ni Sanmí wí. "Ẹ̀rọ Bàbá Ọlọ́runyọmí ò ní àrùn kankan."

Múyì lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àpótí dúdú gbọọrọ kan wá, ó ṣí i. Gìtá tuntun ló wà nínú rẹ̀, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí oyin, òórùn igi àti ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀. Ọrùn gìtá tí Sanmí ní nílé ti là, rọ́bà táyà ló fi dè é.

"Ọjọ́ tí ìjọ yín bá ra tèmi," ni Múyì wí, "ìwọ lo ni èyí. Èmi ò ní kí o purọ́. Mo ní kí o yàn ni."

Nígbà tí ìsìn parí lọ́jọ́ Ìsinmi, ìgbìmọ̀ jókòó lábẹ́ fèrèsé. Màmá Leah náà wà níbẹ̀, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì nínú aṣọ funfun rẹ̀ tí fífọ̀ ti sọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

"Bùrọ́dà Sanmí," ni Alàgbà Ọmọ́tọ́lá wí, "àwa ò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀rọ. Ohun tí o bá sọ la máa ṣe. Ti olóògbé ńkọ́?"

Sanmí ti to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ láti ilé. Tuntun yìí fúyẹ́. Kò dìgbà tó bá gbóná kó tó sọ̀rọ̀. Gílóòbù sì ti wọ́n, bí ọ̀kan bá jó, kò dájú pé wọ́n á rí òmíràn rà ní gbogbo Ìbàdàn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbójú sókè, ó rí i lójú Alàgbà pé bàbá náà ti múra tán láti ra ti opó, pé bí òun bá sọ òótọ́ nìkan, òótọ́ yẹn ò ní tó.

"Ó ti kú, sà," ló wí.

"Ó ti kú báwo? Ṣebí a gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀mí ìkẹyìn ló ń mí, sà. Iná ti ń jò sára rẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà ń ti ara wọn jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ó lè gbé èèyàn. Ní Ọjọ́rú, níbi tí mo ti ń dánra wò, ó gbọ̀n mí jìgìjìgì. Ọlọ́run ló yọ mí."

"Jésù!" ni Màmá Leah kígbe. Ó dìde, ó wá síwájú rẹ̀. "Sanmí, iná gbé ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Obìnrin náà mú ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń yẹ àwọn ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá òun á rí ibi tó ti jó. Kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, bí wọ́n ti ń ṣe fún ọmọdé.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò nílé Ọlọ́run lónìí yìí," ló wí fún àwọn alàgbà. "Mi ò fẹ́ owó rẹ̀ mọ́."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí ìjọ ti ra ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà, Sanmí lọ gba gìtá rẹ̀ ní Alákíà. Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó fi dúró. Ó gbọ́ ohùn kan tó há díẹ̀, tó wá bú jáde. Kò nílò kó dijú. Nínú ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ olówó ńlá ń ta gìtá, ó ń mi orí. Ẹ̀rọ Ọlọ́runyọmí wà lórí tábìlì, wọ́n ti nù ún mọ́, gílóòbù rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ́n yòò.

"Bódìjà ni wọ́n ti wá," ni Múyì sọ sí i létí. "Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀. Irú èyí ni wọ́n ti ń wá káàkiri."

"Múyì, ti Màmá Leah nìyẹn."

"Ti Màmá kẹ̀? Ìwọ lo sọ pé ó ti kú. Mo lọ bá wọn nílé, mo ní kí n bá wọn gbé e dànù. Iye tí àwọn onírin àlòkù ń san ni mo fún wọn, wọ́n sì gbàdúrà fún mi. Òkú ni mo rà." Ó fa àpótí dúdú náà jáde. "Gba tìrẹ."

Ọkùnrin ará Bódìjà yẹn ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i lọ. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ fún un. Sanmí gba àpótí náà, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì kí ọkùnrin náà pé ẹ kú ọjà.

Inú gbogbo ìjọ dùn sí ẹ̀rọ tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ ní ó ń dún bíi ti Èkó. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán tí kò bá sí èèyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Sanmí á jókòó tì í, á máa tẹ bọ́tìnì láti ohùn kìíní dé ìkarùndínlógójì. Ó rí ọ̀kan tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà fi ṣe àfarawé irú ti Ọlọ́runyọmí. Ó jọ ọ́. Bó bá rọra ta á, ó jọ ọ́ gan-an. Bó bá wá fi agbára ta á, ohùn náà á kàn pariwo ni, kò sunkún. Ó dán an wò títí awọ fi bó lórí ìka rẹ̀.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde, Màmá Leah jáde síwájú. Ó gbé iṣu mẹ́ta dání.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Haleluya!"

"Ẹ̀rí mi kò gùn. Ọ̀la ni mò ń lọ sí Akínyẹlé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Wọ́n ní iṣẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ànúolúwapọ̀ ti wà lọ́dọ̀ àwọn kan ní Ìbàdàn, ó ń bá wọn tọ́jú ọmọ. Ilé ìwé á dúró ná. Ṣùgbọ́n mi ò lè lọ láìdúpẹ́ pé iná ò gbé Sanmí lọ." Ó gbé iṣu náà síwájú onígìtá. "Jẹ ẹ́, ọmọ mi."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Màmá Leah dúró síbẹ̀, kò lọ jókòó.

"Ohun kan ń gbé mi lọ́kàn. Ọkọ mi ló gbé nǹkan yẹn wá síbí. Kò mọ̀ pé ó lè pa ọmọ ọlọ́mọ. Bóyá ó wà lọ́rùn rẹ̀ níbi tó wà. Mo fẹ́ kí ìjọ bá mi dárí jì í."

Ó kúnlẹ̀. Alàgbà Ọmọ́tọ́lá nu ojú rẹ̀, ó ní kí gbogbo ìjọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, tọkùnrin tobìnrin: "Ọlọ́runyọmí, a dárí jì ọ́!"

Màmá Leah ò dìde. Ó yíjú sí Sanmí.

"Ìwọ gan-an ló ṣẹ̀," ló wí. "Mi ò gbọ́ ohùn tìrẹ."

Gbogbo ìjọ ń wò ó. Ẹnì kan ti na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i lẹ́nu. Sanmí mú ọrùn gìtá tuntun náà.

"Bàbá," ló wí, "mo dárí jì yín."

Màmá Leah dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí. "Ó lè sùn wàyí."