Ewúrẹ́ Kan Nínú Ilé Bàbá Ìròyìn

Ohùn Bàbá Ìròyìn kì í ṣe ohùn téèyàn ń gbọ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tó bá kí ẹni tó ń gbálẹ̀ ní òwúrọ̀, onítọ̀hún á dúró, á na ẹ̀yìn, á máa retí ohun tí wọ́n fẹ́ kéde. Ìròyìn ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kà lórí rédíò títí orí fi funfun. Òun ló kéde ìjì, òun ló kéde èsì ìbò, òun náà ló sì ń kéde rẹ̀ tí ẹni ńlá bá papò dà. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Télọ̀, máa ń sọ pé ohùn yẹn gan-an lòun fẹ́, pé èèyàn tó wà nídìí ẹ̀ kàn tẹ̀lé e wálé ni. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ̀ nínú ẹ̀. Títí dòní, tí ọkọ rẹ̀ bá ń ka ìwé ìròyìn sókè ní pálọ̀, ẹsẹ̀ obìnrin náà á rọra dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, á tẹ́tí.

Ohùn tí àgbààgbà ń wárí fún yìí, ọmọ ọdún márùn-ún kan dé, ó ní òun ò rà.

Ọmọ ọmọ wọn ni. Kílódé ni wọ́n ń pè é, torí kò sóhun tó rí tí kì í béèrè pé kí ló dé. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìyá Télọ̀ bí. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló ní kó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nílùú mìíràn fún oṣù mẹ́ta, ló bá gbé ọmọ wá fún àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó fa ìyá rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ò níṣòro. Bàbá ni mi ò mọ̀. Tí mo bá dé ní Sátidé tó ṣì ń sunkún, ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi ni màá gbé e lọ o. Ọmọdé pọ̀ lọ́hùn-ún, á rí ẹni bá ṣeré."

Ọ̀rọ̀ náà ká Ìyá Télọ̀ lára. Kì í ṣe pé ó ń bá ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ díje, èèyàn dáadáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì, ilé náà ti parọ́rọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá á ka ìwé ìròyìn, á ká a, á wo ojú fèrèsé, ọjọ́ á sì lọ. Ó fẹ́ kí ọmọ yìí dúró, ó fẹ́ ẹ dénú egungun. Ó sì mọ̀ pé Bàbá náà fẹ́ ẹ, bí ò tilẹ̀ wí. Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló lọ ra ìwé ìtàn kan sílẹ̀ kí ọmọ náà tó dé, ó sì gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí kẹ́nikẹ́ni má rí i.

Ní Mọ́ńdè, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó gbé awò ojú wọ̀, ó jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe gbọn-in, ó wúkọ́ díẹ̀, ó ṣí ìwé náà. Ìtàn ewúrẹ́ kan ni, tí ò rí òkun rí, tó wá fò sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù láti lọ wò ó. Kílódé jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀ pẹ̀lú bébì oníke rẹ̀.

"Kókó inú ìtàn náà nìyí," ni Bàbá Ìròyìn wí. "Ewúrẹ́ kan fi ilé sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọkọ̀ tó wọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ náà gúnlẹ̀ sétí òkun ní àlàáfíà. Ní ẹ̀kúnrẹ́rẹ́..."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Ó ti débẹ̀?"

"Ó ti débẹ̀."

"Ó ti tán nìyẹn?"

"A ò tíì bẹ̀rẹ̀. Kókó rẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbọ́ ná."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ wá sọ pé ó ti débẹ̀?"

Bàbá Ìròyìn wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yára wo abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ téèyàn ti ń ṣe láti kékeré kì í tú lára bọ̀rọ̀, ẹni tó sì ti ń fi kókó ṣáájú láti ọjọ́ pípẹ́ ò lè mọ̀ pé ìtàn kì í fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ òpin òun. Ó kà á lọ, kò gbé ohùn sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó débi tí ewúrẹ́ ti ń dágbére fún ìyá rẹ̀, ẹnu ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́.

"Bàbá Àgbà, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́ yẹn, ẹnì kan kú."

Ló bá figbe ta, ó ń pe ìyá rẹ̀.

Ní Túsídè, Bàbá fi kókó sílẹ̀. Ó ka ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ, Ìyá Télọ̀ sì ti ń dúpẹ́ nínú, àfi bó ṣe parí tó pa ìwé dé, tó ní, "Lákòótán, ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ kókó inú ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan sí i." Ẹ̀rín gbé Ìyá Télọ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ní Wẹ́sídè, Kílódé gba ìwé náà, ó fi ìdí lé e, ó ní òun ò gbọ́ mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Télọ̀ gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ tó ti wà níkùn rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ló sọ fún un lẹ́yìn ìgbéyàwó pé kò sóhun tí àbúrò òun ò lè fi ẹnu ké nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní ìró ọkọ̀ akẹ́rù ló fi ẹnu gbé wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan, tí tíṣà fi nà án dójú ikú. Ìyá Télọ̀ ti ń retí ọkọ̀ náà láti ọjọ́ yẹn. Kò gbọ́ ọ rí.

"Bàbá, ẹ fi ẹnu yẹn ṣe nǹkan fọ́mọ yìí."

"Ẹnu tí mo fi kéde fún gbogbo ìlú, òun ni kí n máa fi ké bí ẹran? Mo ti sin ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n nà mí."

"Tíṣà ló sin ín. Tíṣà náà sì ti kú. Ta lẹ wá ń bẹ̀rù?"

Bàbá gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ bojú. Ẹ má pè é ní agbéraga o. Ẹni tí ò ní nǹkan mìíràn ju ohùn rẹ̀ lọ, ẹ̀rù á máa bà á láti bà á jẹ́, Ìyá Télọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò fúngun mọ́ ọn.

Sátidé mọ́. Ìyá Télọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ di ẹrù ọmọ náà, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ láìrán nǹkan kan. Bàbá wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Kílódé ti rá wọ abẹ́ tábìlì ìjẹun, ó fa aṣọ tábìlì sílẹ̀, ó gbé páálí kan síwájú, ó fi bọ́tìnnì ńlá méjì láti inú agolo ìyá rẹ̀ àgbà ṣe etí rédíò tí wọ́n ń yí. Ṣíbí ló fi ṣe gbohùngbohùn. Wọ́n kàn gbọ́ ohùn kan níbẹ̀ ni, ohùn tí wọ́n fipá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè ki:

"Kókó inú ìròyìn náà nìyí. Bébì kọ oúnjẹ. Màmá Àgbà fi abẹ́rẹ́ gún ọwọ́. Bàbá Àgbà ò mọ eré ṣe."

Ìwé ìròyìn náà rọra wálẹ̀. Ìyá Télọ̀ rò pé ìbínú ló máa rí níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí lọkọ rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń gbọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́.

"Ó ń mí níbi tó yẹ," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyá Télọ̀, ṣó o gbọ́? Ta ló kọ́ ọ? Ó ń mí níbi tó yẹ."

"Ewúrẹ́ kan ti sọnù," ni ohùn abẹ́ tábìlì wí. "Akọ̀ròyìn wa wà níbẹ̀. Akọ̀ròyìn, ṣẹ́ ẹ ń gbọ́ mi?"

Bàbá ṣì di ìwé ìròyìn mú lọ́wọ́.

"Akọ̀ròyìn wa ò gbọ́ wa o. Kí ló dé? Akọ̀ròyìn!"

Bàbá Ìròyìn la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á.

"Mo ń gbọ́ yín ketekete, olóòtú."

Aṣọ tábìlì ṣí díẹ̀, ojú kan yọ, ojú náà tún yára wọlé. "Níbo lẹ wà?"

"Mo wà lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, lórí òkè."

"Mi ò gbọ́ ọkọ̀."

Lóòótọ́, kò sí ọkọ̀ kankan. Bàbá gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó yọ awò ojú, ó sì wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sínú omi tútù. Ìyá Télọ̀ mi orí sí i.

Ọkọ̀ náà kọ́kọ́ wúkọ́ ni. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ̀. Ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló mú, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń kérora, ó ń pààrọ̀ jíà, pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbá gbàgà-gbàgà, fèrè rẹ̀ tí omi ti wọ̀ ń dún pín-ìn-ìn. Láti inú ọ̀nà ọ̀fun ọkùnrin tó ń kéde ìbò ni gbogbo ẹ̀ ti ń jáde! Ìyá Télọ̀ la ẹnu, kò rántí pa á dé. Ó ti ń gbọ́ adùn ohùn yẹn láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin, ó rò pé òun ti gbọ́ ọ tán. Ìdajì ṣì wà nílẹ̀.

"Ewúrẹ́ dà?" Kílódé ti yọ orí pátápátá.

Ewúrẹ́ ké. Kì í ṣe irú igbe tí àgbà fi ń tan ọmọdé jẹ o, ewúrẹ́ gidi ni, ewúrẹ́ tí wọ́n ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ níbi tó ń dunni. Ajá aládùúgbò dáhùn láti ìta. Kílódé rẹ́rìn-ín títí ó fi dojú bolẹ̀. Bàbá, tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí orúnkún, kúnlẹ̀ gbì, ó sì rá wọ abẹ́ tábìlì.

"Bàbá Àgbà, ṣé ewúrẹ́ náà máa dé òkun?"

Ìyá Télọ̀ di ẹ̀rọ rẹ̀ mú. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Bàbá wúkọ́ díẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Télọ̀ gbọ́ ọ: "Olóòtú, ìròyìn ṣì ń tẹ̀ wá lọ́wọ́. A ò tíì mọ̀."

Inú Ìyá Télọ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Orin dà?" ni Kílódé ní. "Rédíò ní orin!"

Bàbá fi imú fọn orin ìbẹ̀rẹ̀ ìròyìn bíi kàkàkí. "Ìyá Télọ̀, ẹsẹ̀ ẹ ńkọ́? Bá wa gbè é!"

Ẹ̀rọ tí kò ní aṣọ nínú, Ìyá Télọ̀ kì í gbà kí ọmọṣẹ́ kankan tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, tàkàtà-tàkàtà, ó ń mi èjìká, orin náà sì gbóná débi pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ta ló mú ewúrẹ́ wọlé?"

Ìyá Télọ̀ fi ẹnu júwe tábìlì. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ká aṣọ sókè. Bàbá rẹ̀ ló rí níbẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀, ṣíbí lẹ́nu, irun kún fún ègé òwú. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ojú ti fẹ́ máa ti bàbá, Ìyá Télọ̀ rí i. Nọ́ọ̀sì náà ṣì di aṣọ tábìlì mú. Lórí rédíò ló ti ń gbọ́ bàbá yìí láti kékeré, kò gbọ́ ewúrẹ́ rẹ̀ rí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ló sọ nígbẹ̀yìn.

"Mọ́mì, ẹ má dúró síbẹ̀ yẹn," ni Kílódé pàṣẹ. "Ẹ̀yin lòjò."

"Èmi?"

"Òjò fẹ́ rọ̀ sórí ọkọ̀. Ewúrẹ́ ò sì ní agbòjò."

Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ó fi ìka kan lu tábìlì, tó, tó, bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà.

"Òjò wo nìyẹn?" ni ohùn bàbá rẹ̀ wí nísàlẹ̀, ohùn kan tí kò sí lórí rédíò rí. "Rọ̀, ọmọ mi. Rọ̀ dáadáa."

Ló bá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì rọ̀. Ó rọ̀ títí abọ́ fi ń jó lórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì dúró nù ún. Ìyá Télọ̀ náà ń wa ẹ̀rọ òfìfo lọ, kò fẹ́ kí wọ́n rí ojú tòun.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹrù ọmọ padà sínú yàrá. Ó pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. "Màmá, ẹ má bínú, ọmọ yín ò lè wá mọ́ o. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́." Kílódé kò tilẹ̀ jáde sìn ín. Ọwọ́ kan ló yọ lábẹ́ aṣọ tábìlì, ó jù ú sí i, ó fà á padà.

Bàbá Ìròyìn ló sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó ń tiro díẹ̀. Láti ojú fèrèsé, Ìyá Télọ̀ rí i tí ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́tò, tí kò wọlé.

"Bàbá, ní Sátidé tó ń bọ̀, mi ò ṣe òjò mọ́ o. Ewúrẹ́ ni mo fẹ́ ṣe."

Bàbá Ìròyìn rò ó, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Ewúrẹ́ ò rọrùn," ló wí. "Tètè dé, kí n kọ́ ẹ."