Ẹnu Tí Wọ́n Yí Kọ Igbó

Ní ìlú àwọn ohun èlò gàrí, létòlétò ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ a lọ ẹ̀gẹ́, Àpò a fún omi rẹ̀ dànù, Ajọ̀ a jọ̀ ọ́, Agbada ọba a sì yan án. Kò sí ẹni tí í mira àfi bí ẹni tí iṣẹ́ kàn lẹ́yìn rẹ̀ bá béèrè fún un. Bí iṣẹ́ bá parí, Agbada nìkan ni ìgbìmọ̀ máa ń bi pé, "Ṣé ó dára?" Bí ó bá ti ní ó dára, ó dára fún gbogbo wọn nìyẹn.

Àjèjì ni Ẹ̀rọ láàárín wọn, ẹnu méjì ló sì ní. Ọ̀kan ń da ẹ̀gẹ́ lílọ̀ sílẹ̀. Èkejì, ihò èéfín, ló fi ń ráhùn. Nítorí ariwo rẹ̀, wọ́n ti yí ẹnu kejì yìí kọ igbó.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ajọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan gún un. Ó wò ó: irin! Òmíràn tún dé, ó fà á lára ya. Irin? Nínú gàrí tí àwọn ọmọ ilé fẹ́ jẹ?

"Àpò, ṣé o rí èyí?"

"Ìyá, ohun tí wọ́n gbé fún mi ni mo fún. Tèmi ti parí."

Ajọ̀ kò jọ̀ mọ́. Agbada béèrè títí, iná ń jó o nídìí, nǹkan kan kò dé. Ó pe ìgbìmọ̀.

"Ẹ̀yin ará ìlú, Ajọ̀ fẹ́ gba adé lórí mi. Láti àárọ̀ ni mo ti ń sọ pé ó dára. Ta ló tún yẹ kí ẹ bi?"

"Kábíyèsí, ó ti gbó ni," Àpò wí. "Ihò ara rẹ̀ ló ń dà á láàmú."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ajọ̀ da irin náà sílẹ̀ níwájú wọn.

"Kábíyèsí, kí n tó rí èyí, mélòó ló ti gba ara mi kọjá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi Ẹ̀rọ."

Háà! Láti ọjọ́ tí Ẹ̀rọ ti wọ̀lú, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan rí. Wọ́n yí lọ sẹ́yìn rẹ̀, sídìí ẹnu kejì.

"Eyín mi kán láàárọ̀," Ẹ̀rọ wí. "Mo kígbe títí ohùn mi fi há. Ẹ̀yin lẹ yí ẹnu mi kọ igbó. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló gbọ́."

Agbada wo inú ara rẹ̀. Irin wẹ́wẹ́ ń dán nínú gàrí tó yan. Ti àárọ̀ ńkọ́? Àwọn onílé ti rù ú wọlé lọ jẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé kan figbe ta nínú ilé, ìyá rẹ̀ sì ń pariwo, "Tu ú síta! Tu ú! Ẹ̀jẹ̀ rèé!"

Agbada la ẹnu.

"Kábíyèsí, ẹ dákẹ́ ná," Ajọ̀ wí. "Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá bá mi yí ihò èéfín yìí kọ ìlú."