Tòlótòló Òkè Kédárì

Látìgbà tí Orpha Teague ti ṣubú sínú odò lásìkò ọdẹ tòlótòló èṣí ni ẹbí ti fẹnu kò pé igbó ti tó o. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó ní orúnkún dídùn, kí ló tún ń wá lórí àwọn òkè Ozark nílẹ̀ Amẹ́ríkà? Lonnie, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n ní kó wá gba ìbọn tí Burl, olóògbé ọkọ Orpha, fi sílẹ̀. Ọmọ ọ̀hún ò tilẹ̀ tijú. Ó ti kan àpótí tí yóò tọ́jú ìbọn náà sí.

Orpha ní kò burú, àmọ́ kí wọ́n fún òun ní àárọ̀ kan ṣoṣo. Bí òun bá fi ẹsẹ̀ ara òun rìn lọ pa akọ tòlótòló Òkè Kédárì kí aago kan ọ̀sán tó lù, tí òfin ọdẹ ní kí ìbọn dákẹ́, ìbọn Burl ò kúrò lọ́wọ́ òun mọ́ láyé. Lonnie rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun náà ti ń ṣọ́ ẹyẹ yẹn láìrí i pa, tòun ti àgọ́ aṣọ tó ń sá pamọ́ sí àti tòlótòló onírọ́bà tó fi ń tan ẹyẹ.

Ojúmọ́ ò tíì mọ́ tán tí Orpha fi fẹ̀yìn ti igi óákù ńlá kan. Ó yọ fèrè tí Burl fi egungun apá tòlótòló ṣe, ó fi ẹnu fà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí abo tó ń wá akọ. Akọ dá a lóhùn lókè. Ló bá ti fèrè bọ àpò. Ibí yìí ni Lonnie máa ń bà á jẹ́: bí ẹyẹ bá ti dáhùn, á máa pè é ṣáá, ẹyẹ á sì dúró sójú kan, á ní kí abo wá bá òun. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún Lonnie?

Wákàtí márùn-ún kọjá, ẹyẹ ò dún mọ́. Èèrà ń rìn lọ́wọ́ Orpha, orúnkún ń ta á, kò mira. Ẹ má rò pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀ o. Inú ń bí i, àpótí yẹn ló ń rò.

Nígbà tó di aago méjìlá ààbọ̀, Lonnie wa ọkọ̀ dé ojú ọ̀nà òkè, ó sì tẹ họ́ọ̀nù gbọọrọ.

“Àǹtí Orpha, ẹ máa bọ̀ wálé jàre. Ẹyẹ ti lọ sùn.”

Ariwo òjijì kì í jẹ́ kí akọ tòlótòló lè panu mọ́. Ó ké lójú ẹsẹ̀, lápá òsì Orpha, níbi tí kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ó ti yọ́ wá láìdún. Orpha dúró títí orí ẹyẹ fi bọ́ sẹ́yìn igi, ó wá gbé ìbọn sójú. Nígbà tí ẹyẹ yọ padà, ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan.

Lonnie sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹyẹ, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ láti bá a gbé e.

“Fi sílẹ̀,” ni Orpha wí. “Ẹni tó pa á ló ń rù ú.”

“Òkè yìí ga o, Àǹtí. Orúnkún yín ńkọ́?”

“Ṣé orúnkún mi náà ti wà nínú àpótí rẹ ni?”

Ó gbé ẹyẹ kọ́ èjìká, ó ń tiro gòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sinmi. Lonnie tẹ̀lé e lọ́wọ́ òfo títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀.

“Lọ́dún tó ń bọ̀,” ni Orpha wí, “fi àgọ́ àti rọ́bà yẹn sílé. Họ́ọ̀nù nìkan ni kóo gbé wá. Ó mọ ẹyẹ í pè jù ọ́ lọ.”