Ìlà Pupa Lábẹ́ 816

Royston Blades ń gun àkàsọ̀, Clive Maltby sì di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ náà mú pinpin. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni ẹni tó ń gun nǹkan yìí o, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ti ń ṣú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àárín ojú náà ló kọ́kọ́ lọ. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù tó fi ń ríran fírí, tó fi jẹ́ pé bó bá fẹ́ wo èèyàn, ńṣe ló máa ń yí ojú sápá kan bí àkùkọ. Clive ti gbé àga wá fún un láti ilé, ó tiẹ̀ tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì lé e. Royston ní ẹni tó bá rẹ̀ ni kó jókòó.

"Bó o bá já lulẹ̀, Gillian ọmọ ẹ á pa mí," ni Clive wí.

"Bí mo bá já lulẹ̀, orí ẹ ni màá já lé, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tó lè ṣe mí léṣe. Di àkàsọ̀ mú, jàre."

Ẹ̀yìn wáyà pápá ọkọ̀ òfúrufú àwọn ológun ni wọ́n wà, níbi tí oko bíìtì tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà parí sí, nínú òtútù oṣù kejì ọdún. Àwọn bí ọgọ́rùn-ún ló ti tò síbẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú àkàsọ̀ tirẹ̀ àti awò awọ̀nàjíjìn lọ́rùn. Lónìí ni àwọn ọkọ̀ òfúrufú ogun tí wọ́n ń pè ní Tornado yóò fò lágbègbè yìí fún ìgbà ìkẹyìn. Bí ogójì ọdún ni wọ́n fi ń kọjá lórí ilé àwọn èèyàn wọ̀nyí, tí wọ́n ń jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun, tí wọ́n ń dẹ́rù ba ẹṣin nínú pápá. Kò sẹ́ni tí kò tíì ṣépè fún wọn rí. Àwọn tó ṣépè náà ló kóra jọ tí wọ́n ń nu imú yìí.

Ti Royston ju ìdágbére lọ. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà lápò àyà rẹ̀, irú èyí tó wà lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ òfúrufú kọ̀ọ̀kan ló wà nínú rẹ̀, ní títò láti orí ti àkọ́kọ́ dórí ti ìkẹyìn. Bí o bá fi ojú ara rẹ ka nọ́ńbà lára ọkọ̀, wàá fi rúlà fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ nínú ìwé. Bí o kò bá rí i, o kò gbọ́dọ̀ fà á. Fọ́tò kò kà. Wọ́n-ní kò kà. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, kò sí ife ẹ̀yẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í yẹ ìwé ẹnìkejì wò. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú òfin náà le tó bẹ́ẹ̀.

Royston ti fa ìlà sábẹ́ gbogbo Tornado tó wà nínú ìwé rẹ̀, àfi ẹyọ kan ṣoṣo, 816. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wá bà síbí, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ń sin Jean, ìyàwó Royston. Ìgbà kejì, Royston wà lẹ́yìn igbó, ó ń tọ̀. Clive pariwo títí ohùn rẹ̀ fi ha, ṣùgbọ́n kí ọkùnrin náà tó fa síìpù sókè, ọkọ̀ ti wọnú ìkùukùu lọ. Clive fa ìlà tirẹ̀. Royston kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé.

Lọ́la, Gillian ọmọ rẹ̀ yóò wá kó o lọ sí Devon, sí yàrá kan tó kọjú sí òkun, níbi tí kò ti sí nǹkan tó ń fò ju ẹyẹ lọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á tú 816 palẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, 816 wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n kéde pé yóò fò. Gbogbo rẹ̀ kò ju òní lọ.

"Báwo lo ṣe fẹ́ rí i kà?" Clive ti bi í nínú mọ́tò láàárọ̀.

"Ìwọ á kà á sókè," ni Royston wí, "èmi á máa wò ó bó o ṣe ń kà á. Òjìji rẹ̀ á tó mi."

Ẹnu ya Clive. Royston ló ń sọ pé òjìji á tó òun? Ojú ẹsẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Stan Leggott.

Ọdún tí àwọn Vulcan, ọkọ̀ òfúrufú ńlá ajubọ́ǹbù, ń kógbá sílé ni. Ọdún mọ́kànlá ni Stan fi tún ẹ́ńjìnnì Vulcan ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́, òun ló máa ń to àga nípàdé ẹgbẹ́ àwọn tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kan tí kùrukùru bo gbogbo pápá, Vulcan kan bà. Gbogbo wọn gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó rí nọ́ńbà rẹ̀. Nípàdé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan ṣèèṣì rí ìlà pupa nínú ìwé Stan. "Ohùn ẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n," ni Stan wí. "Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn ìyàwó mi." Royston, tó jẹ́ alága, ní: "Stan, etí kì í ka nọ́ńbà." Ó ní kí àwọn tó gbà pé kí Stan máa lọ nawọ́ sókè. Clive gbà gbọ́ pé òótọ́ ni Stan ń sọ, síbẹ̀ ó nawọ́ pẹ̀lú wọn. Stan lọ fọ ife tó fi mu tíì, ó dojú rẹ̀ dé sórí àwo, ó mú fìlà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wá sẹ́yìn wáyà mọ́.

"Mò ń lọ mu tíì," ni Royston wí, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ látorí àkàsọ̀.

"Dúró, kí n lọ bù ú wá."

"Ṣé ẹsẹ̀ mi náà ti fọ́ ni?" Ó gba ọ̀pá rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlélógójì ló wà láàárín ibi tí wọ́n dúró sí àti mọ́tò oníṣòwò Bev, ó ti kà á láìmọye ìgbà. Bev ti ń ta tíì àti búrẹ́dì oníṣọ́séèjì lẹ́bàá wáyà yìí láti ìgbà tí irun rẹ̀ ti dúdú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà lára àwọn tó ń rọ epo sínú ọkọ̀ nínú pápá lọ́hùn-ún, èyí tó jẹ́ kí òfófó máa tètè dé ọ̀dọ̀ Bev ju ibikíbi lọ. Clive gbọ́ tó ń pariwo láti ojú fèrèsé rẹ̀: "Ọkọ mi ti dé! Royston, ta ló ní o lè fi mí sílẹ̀ lọ sí Devon?"

Royston ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ tán ni Trevor dé. Ẹni àádọ́ta ọdún ni Trevor, àwọn àgbà ibẹ̀ ṣì ń pè é ní ọmọdé. Rédíò kékeré tó fi máa ń gbọ́ ohun tí àwọn awakọ̀ òfúrufú ń bára wọn sọ wà létí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Ẹ̀gbọ́n, 816 ò lọ mọ́ o. Epo ń jò lára ẹ̀. 824 ni wọ́n mú dípò ẹ̀."

Clive yíjú sí i. "Ó dá ẹ lójú?"

"Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mejì."

Clive wo ọ̀kánkán mọ́tò Bev. Royston fara ti fèrèsé, Bev na ọwọ́ jáde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bó ṣe ń gbé ife fún un. "Trevor, ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún fẹ́ ṣe?"

"Má sọ fún un."

Trevor yọ rédíò létí. "Royston? Royston tó lé Stan? Bó bá mọ̀, kò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́ láyé."

"Ọ̀la ló ń lọ," ni Clive wí. "Ìgbà wo la tún fẹ́ sọ̀rọ̀ ọ̀hún?"

Royston padà dé pẹ̀lú tíì méjì, ọ̀pá rẹ̀ há sábẹ́ apá, kò da ẹ̀kán kan nù. Ó gbé ọ̀kan fún Clive. Ó gun àkàsọ̀ rẹ̀, Clive gun tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọjú síbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, wọ́n ń dúró.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Clive nígbà tó kọ́kọ́ rí Vulcan. Ó gba orí ilé wọn kọjá, ó funfun, ó gbòòrò, gbogbo àwo orí pẹpẹ ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí jó, ìyá rẹ̀ sì na apá méjèèjì dì wọ́n mú, ó ń bú ọkọ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí ọkọ̀ Lightning tó ń gun òkè ọ̀run ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fi okùn fà. Ó rí ọkọ̀ Victor, tó rí bí ẹja. Ó rí Phantom tó ń fi èéfín dúdú sílẹ̀ lẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ á sì sáré ká aṣọ tó sá. Wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kọ̀ọ̀kan ni Clive àtàwọn èèyàn rẹ̀ máa ń kóra jọ sẹ́yìn wáyà báyìí, tí wọ́n á juwọ́, tí wọ́n á sì lọ sílé lọ jẹun. Àwọn tuntun tó ń dé yìí dára, wọ́n yára, wọ́n gbọ́n ju ẹni tó ń wà wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n Clive kò mọ èyí tó máa mú àwo jó nílé ẹnì kankan. Àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́ gidi lórí àkàsọ̀ yẹn.

"Wọ́n ń bọ̀," ni Royston wí.

Kò tíì sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan. Ìṣẹ́jú kan kọjá kí àwọn tó kù tó nàka. Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n fara mọ́ra, wọ́n ká apá sẹ́yìn, wọ́n fò kọjá lórí oko bíìtì, ilẹ̀ mì, tíì jó nínú ife, òórùn kẹrosíìnì sì rọ̀ lu gbogbo wọn bí òjò. Àgbàlagbà kan tí Clive kò mọ̀ bọ́ fìlà rẹ̀. Royston ya ẹnu sílẹ̀, ó gbé ojú sápá kan, omi ń dà láti ojú náà, bóyá òtútù ni.

Wọ́n yí po, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí bà lọ́kọ̀ọ̀kan. Clive ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ sókè, ó ka ìkejì. Nígbà tí ìkẹta fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó gbé awò sójú. 824 hàn gbangba, ó dúdú, kò ṣeé ṣì kà.

"Clive?"

Láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò tíì pe nọ́ńbà tí kò rí rí.

"Ẹ̀jọ," ló wí. "Ení." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀fà."

Trevor tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń wo bàtà rẹ̀. Royston ṣì kọjú sí ọkọ̀ náà títí ariwo rẹ̀ fi kú, lẹ́yìn náà ó yọ ìwé jáde lápò àyà, ó yọ rúlà àti báírò pupa, ó na gbogbo rẹ̀ sí Clive.

"Fà á fún mi. Kó tọ́ o."

Clive fi rúlà lé e, ó fà á, ìlà náà sì tọ́.

Wọ́n di àkàsọ̀ mọ́ orí mọ́tò, wọ́n wakọ̀ padà láìsọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kọjá, wọ́n gba ibi tí ọ̀nà Horncastle ti yà. Clive ń rò pé bí òun bá lè gbé ọkùnrin yìí délé, kí òun sì gbé àkàsọ̀ rẹ̀ wọlé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó dúró níwájú ilé Royston. Àwọn páálí tí Gillian ti dì tò sójú fèrèsé.

Royston kò ṣílẹ̀kùn. "824 ṣe dáadáa lónìí," ló wí. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Clive di ìdarí mọ́tò mú pinpin bó ṣe di àkàsọ̀ mú láàárọ̀.

"Bev ti sọ fún mi kó tó gbé tíì lé mi lọ́wọ́. Ó ní òun bá mi kẹ́dùn."

"O wá dákẹ́. O sì jẹ́ kí n fà á."

"Mo fẹ́ mọ ohun tó o máa sọ ni. Lórí àkàsọ̀ yẹn, mo ti múra láti bú ẹ. Mo ti to èébú náà sẹ́nu." Royston fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. "O wá ń pè é, ohùn ẹ ń gbọ̀n bíi ti olè tó kọ́kọ́ jalè. Mo kàn rí i pé mi ò fẹ́ kí o dákẹ́."

"Ṣé kí n pa á rẹ́?"

"Báírò ni, ọ̀dẹ̀. Kò ṣeé pa rẹ́." Ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lórí àwọn páálí. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò yí ojú sápá kan mọ́, ńṣe ló kọjú sí gíláàsì iwájú gangan, síbi tí kò ti lè rí nǹkan kan. "Òótọ́ ni Stan gbọ́ Vulcan yẹn."

"Mo mọ̀," ni Clive wí. "Mo sì nawọ́."

"Ṣé ó ṣì wà láyé?"

"Ó wà. Wọ́n ní ó ṣì ń gbé nílé kan náà, ní Horncastle."

Royston na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ tó ti tú. Ó wá a títí, Clive sì mú un fún un, ó dè é. Lẹ́yìn náà ló tan mọ́tò, ó yí i padà sọ́nà tí wọ́n gbà wá, síbi tí ọ̀nà Horncastle ti yà.