Àwọn Igi Tí Verl Kò Kó

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Arvilla fi ń fi àwọn igi yẹn bú ọkọ rẹ̀. Verl ló gé wọn lulẹ̀ lórí òkè, ó ní òun ń wá igi ìdáná, àfi bí ọ̀kan ṣe yí lù ú lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá ló fi ń rìn, àwọn igi sì wà níbi tí wọ́n ṣubú sí, wọ́n dábùú ara wọn wúruwùru, màlúù kankan kò lè gba àárín wọn kọjá.

Agbọ̀nrìrì ni wọ́n ń pe irú igi náà ládùúgbò wọn, torí ewé rẹ̀ kì í yé gbọ̀n. Ilẹ̀ ìjọba ni igbó ọ̀hún, ìwé àṣẹ sì ni ìdílé Arvilla fi ń da màlúù lọ síbẹ̀ nígbà ooru láti ayé bàbá bàbá rẹ̀. Koríko ibẹ̀ ni wọ́n fi ń yangàn: ó tutù yọ̀yọ̀, ó kan ẹṣin lórúnkún. Bàbá Arvilla ló fọ́n irúgbìn rẹ̀, irúgbìn òkè òkun, lẹ́yìn tí àgùntàn ti jẹ ilẹ̀ náà ku erùpẹ̀ lásán.

Lọ́jọ́ Ajé kan ni Marlys, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì igbó, wá yẹ ibẹ̀ wò. Arvilla ló kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi nígbà tó wà ní kékeré. Bí wọ́n ṣe dé ẹ̀gbẹ́ òkìtì igi Verl, Arvilla yára fà á lọ́wọ́.

"Má wo apá ibẹ̀ yẹn o. Iṣẹ́ ọkọ mi ni."

Marlys rìn títí di ọ̀sán, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Arábìnrin Jensen, ẹ má bínú. Koríko yìí dùn ún wò, àmọ́ òun nìkan ló kù nílẹ̀. Àwọn igi yìí ti darúgbó, wọn ò sì lọ́mọ. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, màlúù á ti jẹ ẹ́."

"Àwọn àgbọ̀nrín ńkọ́? Ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà?"

"Àgbọ̀nrín ò gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ mi, mà. Ọjọ́ Ẹtì ni màá padà wá. Tí mi ò bá rí ọmọ igi tó ga kọjá ẹnu màlúù, màá ti ibẹ̀ pa fún ọdún mẹ́wàá."

Ọdún mẹ́wàá! Arvilla ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Wọn kò ní pápá mìíràn, bí wọ́n bá sì ti ibẹ̀ pa, gbogbo màlúù ni wọ́n máa tà. Lọ́jọ́bọ̀, ó gbé ayùn.

"Ibo nìyẹn?" Verl bi í.

"Mo ń lọ parí iṣẹ́ tẹ́nìkan bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú kan ti tó wa, kí Marlys má tún wá bá èyí nílẹ̀."

"Fi í sílẹ̀ jàre."

"Ṣebí mo ti fi í sílẹ̀ fọ́dún mẹ́jọ!"

Ó gun orí ìtì igi àkọ́kọ́, ó sì dúró gbagidi. Láàárín òkìtì náà, àwọn ọmọ agbọ̀nrìrì dúró gbọnrangandan, wọ́n ga jù ú lọ, kò lè kà wọ́n tán. Koríko bàbá rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀. Òdòdó ló kún ilẹ̀, títí kan èyí funfun tó nírù márùn-ún tí ìyá ìyá rẹ̀ máa ń já sórí tábìlì. Ó tó ọgọ́ta ọdún tó ti rí i kẹ́yìn. Arvilla jókòó, ó gbé ayùn lé itan, ó sì sunkún. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí Marlys má wo ibẹ̀.

Nígbà tó délé, Verl ti ń múra ìjà sílẹ̀.

"Ṣé o ti kó o tán? Ẹsẹ̀ mi ni ò jẹ́ kí n..."

Arvilla gbé ẹsẹ̀ náà lé orí itan ara rẹ̀.

"O ṣeun, Verl."

"Kí ni mo ṣe?"

"O ò kó igi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Arvilla fúnra rẹ̀ ló mú Marlys lọ síbi òkìtì náà. Marlys wọ inú rẹ̀, ó wọn àwọn ọmọ igi, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí màlúù máa jẹko lọ, kí wọ́n ṣáà gé igi lulẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́ta mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì kó o.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn máa ń dìde sọ̀rọ̀. Arvilla kì í dìde. Lọ́jọ́ náà, ó dìde.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ó ní, "tó fún mi lọ́kọ tí kì í parí iṣẹ́."

Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Verl nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹrí ba, ó ń fi fìlà nu ojú.