Orúkọ Tí Kò Ní Àmì

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá," ni Zamfira wí, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà dúdú náà sọ́dọ̀ bàbá náà bí ẹni pé ó lè kà á.

Gavril Țibuleac, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà rẹ̀ mú. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Casandra, ló wá wá síbi iṣẹ́ Zamfira, níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé àtijọ́ ní ìlú Botoșani. Ọmọ ọdún méjì ni Casandra nígbà tí ìyá wọn kú, tí wọ́n gbé e lọ sílé ọmọ aláìlóbìí.

"Tún un wá, ọmọ mi. Bóyá wọ́n ṣì í kọ."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wá a, sà."

"Ó dáa. Mo ṣáà ti béèrè." Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Àkọsílẹ̀ ilé ọmọ aláìlóbìí náà gùn bí ọ̀nà oko. Ètò àtijọ́ kan ni Zamfira fi ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà: kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́, èèyàn á tẹ orúkọ, ètò náà á sì fò lọ síbi tí orúkọ wà. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń lò ó, kò já a kulẹ̀ rí.

Bàbá náà kò tíì jìnnà tí Zamfira fi fẹ́ tún ìwé ọmọ ilé náà kan, Ștefan Rotaru, tẹ̀ jáde, èyí tó ti tẹ̀ fún ìdílé rẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn. Ètò náà ní òun ò rí i. Zamfira sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí orúkọ yẹn.

Ó ṣí àlàyé tó bá àtúnṣe tuntun ètò náà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí kò kà. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: láti ìsinsìnyí lọ, bí ètò náà bá ń wá ọ̀rọ̀, yóò máa ka àmì ara lẹ́tà sí. Tẹ́lẹ̀, Ș àti S, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀, Ț àti T náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó sì tẹ àkọsílẹ̀ náà láyé ọjọ́un, wọn ò fi àmì sí ìdí lẹ́tà kankan.

Zamfira tẹ TIBULEAC láìfi àmì sí i. Ojú kọ̀ǹpútà fò. Casandra, ọmọ ọdún méjì.

Ó gbé ìwé tí àwọn àlejò ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn sí, ó di yàrá ọ̀gá rẹ̀, Leonte, ó sì ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un.

"Ọ̀gá, èèyàn mẹ́tàlélógún ni mo ti dá padà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ pè wọ́n."

"Ṣé ìwọ lo yí ètò náà padà ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá kàn ọ́? Ẹni tó bá ń wá èèyàn rẹ̀ á padà wá."

"Wọn ò ní padà wá, sà. Èmi ni mo ní kò sí."

Leonte mí kanlẹ̀. "Tó o bá pè wọ́n, o ti gbà pé ọ́fíìsì yìí ṣàṣìṣe nìyẹn. Mi ò sí níbẹ̀ o."

"Ẹ ò kúkú sí níbẹ̀, sà."

Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó pe Gavril.

"Bàbá, ibo lẹ wà?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tan àbẹ́là fún Casandra tán ni. Níbi tí wọ́n ń tan tàwọn òkú sí."

"Ẹ má bínú, sà. Mo ṣì yín lọ́nà. Orúkọ àbúrò yín wà níbẹ̀. Ìdílé Moroșanu ní Dorohoi ló gbà wọ́n tọ́. Mi ò lè sọ bóyá àbúrò yín ṣì wà láyé."

Zamfira gbọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá náà ń wọ́ nílẹ̀.

"Bàbá? Kí lẹ ń ṣe?"

"Má tíì pa fóònù, ọmọ mi. Mò ń gbé àbẹ́là náà lọ síbi tàwọn alààyè."