Àga Abẹ́ Igi Lọ́jọ́ Ọdún Àgbàdo

Ní Harlan Bluffs, ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan àga ẹlòmíràn. Tí Ọdún Àgbàdo bá ku ọ̀la, láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ti ń to àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí àwọn olórin máa gbà kọjá. Ibi tí o bá gbé tìẹ sí, ibẹ̀ lo ni títí ọdún á fi parí. Kò sófin tó sọ bẹ́ẹ̀, ìtìjú ló ń ṣọ́ àga.

Ohun tó mú kí Darlis Kubat má bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Leota, sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́fà nìyẹn. Leota ló gbé àga Darlis kúrò lábẹ́ igi iwájú ilé ìkàwé, tó gbé e sínú oòrùn, kí àwọn àna rẹ̀ tó wá láti ìlú Omaha lè jókòó sí ibòji. Ọmọ ìyá kan náà! Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọ́n a sì parí ẹ̀, àmọ́ Darlis fàáké kọ́rí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ àga lásán ni, kò gbé ìlú yẹn rí.

Lọ́dún yìí, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Darlis ní orúnkún. Agídí kò jẹ́ kó bẹ ẹnikẹ́ni láti bá a gbé àga, àfi ìgbà tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí ọdún ku ọ̀la tó pe Wendell, aládùúgbò rẹ̀. Wendell lọ, ó sì gbé àga padà.

"Ó ti kún, Ìyá," ló wí. "Àmọ́ ẹ múra lọ́la, màá wá gbé yín."

"Kí n wá máa wo ìpàkọ́ èèyàn?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Darlis dé egungun. Tatum, ọmọ ọmọ rẹ̀, fẹ́ dá fọn fèrè fúngbà àkọ́kọ́, iwájú ilé ìkàwé gan-an ló sì ti máa fọn ọ́n. Ọmọ náà ti ní, "Màmá àgbà, ojú yín ni màá máa wò, kí ẹ̀rù má bà mí." Darlis ò sì lè dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àga kan ṣófo lábẹ́ igi, wọ́n lẹ bébà mọ́ ọn: DARLIS. Láti kékeré ló ti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ yẹn. Wendell ń rẹ́rìn-ín, ó ti mọ̀ látàná. Leota jókòó sínú oòrùn nítòsí, ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi tòmátì.

"Ta ló gbé àga yìí síbí?" Darlis bèèrè.

"Áńgẹ́lì ni. Jókòó jàre, orúnkún ẹ ń gbọ̀n."

"Kí ló wá dé tí ẹ̀yin fi jókòó sínú oòrùn, Ẹ̀gbọ́n mi?"

Leota ò wojú rẹ̀. "Mo mọ ibi tó yẹ kí n jókòó sí." Ó nu òógùn ojú. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ wí i, ẹnu mi ni ò gbà á. Mo jẹ̀bi, Darlis."

Ìlù àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń dún bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Darlis ò jókòó. Ó fi ọ̀pá tó fi ń rìn ti àga tirẹ̀ mọ́ ìdí igi títí àyè kékeré fi ṣí sílẹ̀.

"Ẹ dìde."

"Kí ni mo tún ṣe?"

"Mo ní ẹ dìde, kí n gbé àga yín."

Ọkùnrin kan tó ń jẹ àgbàdo dáwọ́ jíjẹ dúró. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló ń wo Darlis bí ó ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọnú ibòji, tó fi kan tirẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Inú rẹ̀ dùn, ẹsẹ̀ sì ń ro ó, nígbà tó jókòó.

Tatum jáde síwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá ojú kan, ó rí méjì. Ó gbé fèrè sẹ́nu.